Ojú Tó Ń Wò Wá Lẹ́nu Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́." Olè ni a sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ojú tó ń rí olè lóru náà ló ń rí ìyá tó jí ní ìdájí láti di ẹrù rẹ̀ lọ sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Òun náà ló ń rí awakọ̀ tó jókòó sí gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ láti àárọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kún. Onígbàgbọ́ tó bá mọ èyí kò ní láti máa wá Ọlọ́run kiri. Ohun tó kù fún un ni kó máa rántí pé Olúwa wà níbi tí òun wà, àdúrà ni a sì fi ń rántí.

Ọ̀pọ̀ wa mọ àdúrà í gbà. A ń jí gbàdúrà pẹ̀lú ará ilé, a ń lọ sí ìṣọ́ òru, a ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe àmín tán, ó tún di ìdájí ọ̀la. Láàárín àmín òwúrọ̀ àti ti alẹ́ ni ọjà wà. Ibẹ̀ ni gbèsè wà, ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń bú wa wà. Wákàtí tí a nílò Ọlọ́run jù lọ gan-an ni a máa ń gbàgbé rẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́ kò ya àdúrà nípá kúrò lára iṣẹ́. Ọdún 1855 ni T. J. Bowen mú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1898, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 1907, Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn nínú ìlú kan náà. Ní Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson ń bójú tó ìjọ, ó sì ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ó parí rẹ̀ lọ́dún 1897, ó kú lọ́dún 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Ojú rẹ̀ kò tó o, àmọ́ Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún rí gbogbo rẹ̀.

"Díẹ̀ díẹ̀ lọjà ń kún." Ẹ má dúró de ìgbà tí àyè máa gba àdúrà wákàtí kan. Ẹ so gbólóhùn kúkúrú mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ wí pé, "Olúwa, wà pẹ̀lú mi níbí." Bí ẹ bá ń dáná, ẹ dúpẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra ní gáréèjì, èrò kan á gbàdúrà, a ó sì ṣe àmín. Kí àdúrà má parí síbẹ̀. Ẹ máa bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn fún ọwọ́ awakọ̀ àti fún ẹni tó jókòó tì yín. Nehemáyà gbàdúrà sí Ọlọ́run láàárín ìgbà tí ọba bi í léèrè àti ìgbà tó fèsì. Nílùú Paris, Arákùnrin Lawrence, alásè ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó kú lọ́dún 1691, kọ́ láti máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò ọbẹ̀ bó ti ń bá a sọ̀rọ̀ nílé ìsìn.

"Ìwà lẹ̀sìn." Ẹni tó ń wọn gàrí, tó rántí pé Ọlọ́run dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò ní tẹ ìdí kóńgò wọnú kó lè jèrè lára aláìní. Kí ẹ tó fèsì fún oníbàárà tó ń jágbe mọ́ yín, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ pe Jésù lórúkọ, ẹ tó la ẹnu. Àdúrà tí kò dé ìdí kóńgò, tí kò sì dé orí ahọ́n, kò tíì jinlẹ̀ nínú wa.

Ọjọ́ ibi náà ní àdúrà tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán, ohun tí àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di eérú. Kò yẹ kí a pa ẹni tó wà nínú irú òfò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú "ó dára bẹ́ẹ̀." "Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé." Ẹ sunkún síwájú Ọlọ́run, ẹ sọ ìbínú yín fún un, ẹni tó ń ráhùn sí i ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwa tí a kò pàdánù gbé owó àti oúnjẹ tọ aládùúgbò lọ, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run sábà fi ń gbé ẹni tó ṣubú.

Ní alẹ́, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ibo ni mo ti rí ọwọ́ Olúwa lónìí? Ibo ni mo ti gbàgbé rẹ̀? Ta ni mo ṣẹ̀? Ẹ dúpẹ́ fún ti àkọ́kọ́, ẹ tọrọ àforíjì fún èkejì, kí ẹ sì tọ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ lọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Bí ọkàn yín bá fò lọ, ẹ má bá ara yín jà. Ẹ pè é padà. Lọ́la, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ilẹ̀ gbígbá tàbí ilẹ̀kùn ṣíṣí, kí ẹ so àdúrà kan mọ́ ọn. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi iṣẹ́ kejì kún un.