Bí Ìdajì Èèpo Ọta Bá Há Sínú Ìbọn

Bí o bá yin ìbọn Lee-Enfield, tí o fa bọ́ọ̀tì rẹ̀ sẹ́yìn, tó jẹ́ ìdí ọta nìkan ló bọ́ sílẹ̀, má ti ọta mìíràn wọlé. Èèpo tó kù ṣì wà nínú ilé ọta, kò sì sí àyè fún òmíràn.

Irú ìbọn yìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ jagun ní Burma, ọta .303 ló sì ń jẹ. Ìdí ọta náà ní etí tó ń gbé e dúró lẹ́nu ilé ọta. Nítorí ẹrẹ̀ ojú ogun, wọ́n gbẹ́ ilé ọta náà kí ó láyè díẹ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná, iwájú èèpo á wú, á lẹ̀ mọ́ ara irin, ìdí rẹ̀ á sì máa sún sẹ́yìn. Idẹ tó wà lókè ìdí yẹn ló ń jìyà: òun ló ń nà. Ẹni tó bá ń ki ẹ̀tù sínú èèpo kan náà léraléra ń sọ ibẹ̀ di fẹ́lẹ́. Bí o bá rí òrùka tó ń dán yí i ká níbẹ̀, sọ ọ́ nù.

Ká wá yọ èèpo tó há náà. Kọ́kọ́ tú àpótí ọta kúrò, kí o rí i dájú pé kò sí ọta tó ṣeé yìn níbì kankan. Irinṣẹ́ kan wà tó rí bí ọta: tì í wọlé, pa bọ́ọ̀tì dé, orí rẹ̀ á kọjá ẹnu èèpo, á sì kọ́ ọ láti iwájú. Fa bọ́ọ̀tì, méjèèjì á jáde pọ̀.

Bí o kò bá ní in, yọ bọ́ọ̀tì, kán òróró díẹ̀ sí èèpo tó há náà, kí o sì ní sùúrù. Wá búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tó sanra ju inú èèpo lọ díẹ̀, tì í wọ inú èèpo láti ẹ̀yìn, kí o wá fi ọ̀pá ìnubọn tì í padà láti ẹnu ìbọn. Irun búrọ́ọ̀ṣì á di èèpo mú. Má fi ṣùkúdíráfà họ ọ́ o! Ojú ọgbẹ́ tó bá dá sára irin ni èèpo ọta mìíràn yóò há sí.

Nu òróró náà gbẹ pátápátá. Èèpo tí kò rí ara irin dì mú ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ti bọ́ọ̀tì, èyí sì léwu.

Bó bá jẹ́ èèpo tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kì rí ló já bẹ́ẹ̀, fura sí ìbọn náà fúnra rẹ̀. Má yìn ín mọ́ títí alátùnṣe ìbọn yóò fi wọn àyè tó wà láàárín bọ́ọ̀tì àti ìdí ọta.