Ìpalẹ̀mọ́ fún Wíwo Idì ní Ilẹ̀ Olókè Scotland

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ìgbà yìí jẹ́ ti àwọn ẹyẹ apẹranjẹ, àti bí ènìyàn ti lè palẹ̀ mọ́ láti lọ wò wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gbé. Apá àríwá Scotland, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Highlands, èyí ni Ilẹ̀ Olókè, ni a yàn fún àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ni ó wà ní Ìlú Ọba fún ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́, tí wọ́n sì lè dé ibẹ̀ nígbà ìsinmi. Èkejì, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ ibẹ̀ a máa wá gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wa. A ó sọ nípa rẹ̀ kí a tó parí.

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ idì mu gidigidi. Ẹni tí ó bá ṣètò ìrìn-àjò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ ara rẹ̀ nìkan, yóò padà wálé láìrí nǹkan, tàbí kí ó ba ohun tí ó lọ wò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bèèrè bí ẹyẹ náà ti ń gbé, tí ó sì ti ibẹ̀ ṣètò, yóò rí i, ẹyẹ náà yóò sì wà síbẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

1. Àwọn ẹyẹ tí a ń lọ wò

Kí a tó di ẹrù, kí a kọ́kọ́ di ìmọ̀. Ẹyẹ mẹ́rin ni ó yẹ kí a mọ̀ dájú kí a tó gbéra.

Èkíní ni idì aláwọ̀ wúrà. Ara rẹ̀ dúdú bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ń dán bí idẹ. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì a máa tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Ehoro orí òkè, ẹyẹ tí ó jọ àparò, àti òkú àgbọ̀nrín ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí a kà wọ́n ní Scotland ní ọdún 2015, takọtabo 508 ni a rí.

Èkejì ni idì onírù funfun, tí ń gbé etí òkun. Òun ni ó tóbi jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ìyẹ́ rẹ̀ a máa tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí ó bá ń fò, ìyẹ́ rẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó, ìrù rẹ̀ a sì kúrú. Ti aláwọ̀ wúrà yàtọ̀: òun a gbé ìyẹ́ sókè díẹ̀, ìrù rẹ̀ a sì gùn.

Ẹ̀kẹta ni idì-ẹja. Abẹ́ rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹja nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó máa ń tì síwájú bí ó bá já sínú omi. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́, ọmọ ìka rẹ̀ kan sì lè yí sẹ́yìn, kí ẹja má baà yọ́ bọ́.

Ẹ̀kẹrin ni àwòdì pupa, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ọdún 1989 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn láti Sweden wá sí Black Isle lẹ́bàá Inverness, nítorí a ti pa wọ́n run ní Scotland.

Kí àlejò ṣọ́ra kí ó má pe gbogbo ẹyẹ ńlá ní idì. Àṣá kan wà tí a ń pè ní buzzard, tí ó pọ̀ púpọ̀, tí ó sì máa ń bà lé orí òpó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ti rí i tí ó sì kọ̀wé sílé pé òun rí idì. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Bí ẹyẹ ìwò bá ń lé ẹyẹ kan lójú ọ̀run, ẹ fi ìwò náà ṣe òṣùwọ̀n: ìwò àti buzzard fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ idì, ìwò a dàbí ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀.

2. Ìgbà tí ó yẹ kí a lọ

Idì aláwọ̀ wúrà kì í kúrò ní ilẹ̀ náà. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, akọ àti abo a máa fò lọ sókè sódò lójú ọ̀run láti fi hàn pé àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀ náà. Ní òpin oṣù kẹta ni wọ́n ń yé ẹyin, méjì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n a sàba lé e fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ a sì fò kúrò nínú ìtẹ́ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Idì-ẹja ní tirẹ̀ a dé láti Áfíríkà ní òpin oṣù kẹta àti ní oṣù kẹrin, a sì padà ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìrìn-àjò kan, kí ó yan ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ọjọ́ ti gùn nígbà náà, idì-ẹja ti dé, kantíkantí tí ń jẹ ènìyàn ní àsìkò ooru kò sì tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àkókò yìí gan-an ni ẹyin àti ọmọ wà nínú ìtẹ́. Àkókò tí ó dára jù fún ojú wa ni àkókò tí ó léwu jù fún wọn. Kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń ṣètò ohun gbogbo yòókù.

3. Ibi tí a ó lọ

Láti London sí Inverness ju máìlì 500 lọ. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí ń gbéra ní alẹ́, tí ń já ènìyàn sí Aviemore tàbí Inverness ní òwúrọ̀. Kí ìrìn-àjò náà má dín ní ọjọ́ márùn-ún, nítorí ìkùukùu lè bo òkè fún odindi ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí a lò wọ́n ní Aviemore, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Cairngorm, láti wo idì-ẹja lórí àwọn adágún àti odò Spey. Ọjọ́ kẹta, kí a lọ sí àfonífojì odò Findhorn ní gúúsù Inverness, níbi tí ọ̀nà tóóró kan ti bá odò lọ títí dé àárín òkè. Ibẹ̀ ni a ti lè jókòó wo idì aláwọ̀ wúrà. Ọjọ́ méjì yòókù, kí a kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, sí ìlú Oban, kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Mull. Ìrékọjá náà kò tó wákàtí kan, irú idì méjèèjì ni ó sì wà níbẹ̀.

4. Bí a ti ń wò

Ohun èlò kò pọ̀: awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, àwòrán ilẹ̀, aṣọ òjò, bàtà tí ó le, oúnjẹ, àti ìwé kékeré pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Kí aṣọ má jẹ́ èyí tí ń tàn. Kí a sọ fún onílé tí a wọ̀ sí ibi tí a ń lọ àti wákàtí tí a ó padà, nítorí ojú ọjọ́ òkè a máa yí padà lójijì.

Kò di dandan kí a jí ní àkùkọ ìdájí nítorí idì. Ẹyẹ tí ó wúwo bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ fi agbára ìyẹ́ nìkan fò. A máa dúró de ìgbà tí oòrùn bá mú afẹ́fẹ́ gbóná tí ó sì ń gòkè, tàbí tí ẹ̀fúùfù bá kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó sì ta sókè. Ẹ̀yin náà mọ òwe àwòdì tí ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, tí ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Nítorí náà, láti bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kí a jókòó sí ibi kan nísàlẹ̀ àfonífojì, kí a máa fi ojú tọ ìlà tí orí òkè ti pàdé ọ̀run, láti ọ̀tún dé òsì, ká tún padà. Ẹni tí ó jókòó wákàtí mẹ́ta ní ojú kan yóò rí ju ẹni tí ó rin máìlì mẹ́wàá lọ. Ohun tí a bá rí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ibi, ẹ̀fúùfù, àti ohun tí ẹyẹ náà ń ṣe.

5. Ààyè tí ó yẹ kí ó wà láàárín àwa àti ìtẹ́

Èyí ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Òfin ọdún 1981 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ọ́mọ̀ yọ idì tàbí idì-ẹja lẹ́nu ní ìtẹ́ rẹ̀. Ìdí òfin náà kò ṣòro. Bí ìyá bá fò kúrò nítorí ẹ̀rù, òtútù a mú ẹyin, ọmọ inú rẹ̀ a sì kú. Bí ẹyẹ bá ń pariwo tí ó sì ń yípo lórí wa, ó ń sọ fún wa pé a ti sún mọ́ jù. Kí a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a má tilẹ̀ dúró ya àwòrán.

Ẹ wo ìtàn idì-ẹja. Àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tí ń kó ẹyin jọ fún afẹ́ lépa rẹ̀ títí, lẹ́yìn ọdún 1916, a kò fi mọ ìtẹ́ rẹ̀ kan mọ́ ní Scotland fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1918 ni a yìnbọn pa idì onírù funfun tí ó kù ní Shetland. Ní ọdún 1954, idì-ẹja takọtabo fúnra wọn padà wá sí àgbègbè Loch Garten. A fi olùṣọ́ sí ìdí igi wọn. Síbẹ̀, ní òru kan ní ọdún 1958, olè gun igi náà, ó kó ẹyin, ó sì fi ẹyin adìyẹ tí ó fi ìpara bàtà kùn rọ́pò.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àṣejù: wọ́n ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wá wò, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn, láti inú àgọ́, pẹ̀lú awò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá ní ọdún 1959 náà, ọmọ mẹ́ta sì jáde láyọ̀ nínú ìtẹ́. Lónìí, idì-ẹja ní Scotland ju takọtabo 200 lọ. Idì onírù funfun pẹ̀lú ti padà, nítorí láti ọdún 1975 sí 1985 a kó ọmọ 82 wá láti Norway sí erékùṣù Rum. Ẹ kíyè sí i: ẹnìkan ṣoṣo tí ó fẹ́ sún mọ́ ni ó ṣe ìbàjẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó gbà láti jìnnà kò ṣe ìbàjẹ́ kankan, kàkà bẹ́ẹ̀, ojú wọn di odi fún ẹyẹ náà.

6. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá

Bí idì-ẹja bá kúrò ní Scotland, Senegal, Gambia àti Guinea-Bissau ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Ìyá a ṣíwájú. Ọmọ tí kò rin ọ̀nà náà rí a sì dá lọ láìsí amọ̀nà, lórí òkun àti aṣálẹ̀. Yóò wà ní Áfíríkà fún nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó padà sílé fún ìgbà àkọ́kọ́. A máa ń rí idì-ẹja ní Nàìjíríà náà lẹ́bàá ọ̀sà àti odò ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Europe mìíràn ni wọ́n ti ń wá.

Nítorí náà, ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣọ́ tọ̀sán-tòru ní òkè òkun lè kú sí ẹnu kànnàkànnà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní etí omi. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́ wo idì, lè kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Kò dìgbà tí a bá dé Scotland. Ìlànà kan náà ni fún àṣá tí ń gbé lórí òkúta lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa: mọ̀ ọ́n, mọ àkókò rẹ̀, jókòó, kọ ọ́ sílẹ̀, má sì sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín idì aláwọ̀ wúrà àti idì onírù funfun bí wọ́n bá ń fò?
2. Èéṣe tí oṣù karùn-ún fi dára fún olùwòran, tí ó sì léwu fún ẹyẹ?
3. Kí ni ìtàn ọdún 1958 àti 1959 kọ́ wa nípa ìṣọ́?
4. Yan ẹyẹ apẹranjẹ kan ní àgbègbè rẹ, kí o sì ṣètò bí ìwọ yóò ti kó ọmọ kíláàsì mẹ́wàá lọ wò ó láìyọ ọ́ lẹ́nu.