Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: ÀWỌN TÍ Ń ṢỌ́ ÀDÁN

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa wo ìṣe àdán?

Àdán kì í ṣe ẹyẹ. Ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú ni. Ó lè gbé kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí sára, kí òun fúnra rẹ̀ má sì ṣàìsàn. Ní ọdún 1956, àwọn onímọ̀ rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ àdán kan ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n fi orúkọ Èkó pè é. Ìbátan kòkòrò tí ń fa àrùn dìgbòlugi ni.

Ìdí nìyí tí àwọn oníwàádìí fi ń ṣọ́ àdán. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọn a wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, wọn a bo imú àti ẹnu, wọn a sì ta àwọ̀n sí ọ̀nà àdán. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, wọn a fi òwú nu ẹnu rẹ̀, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọn a sì dá a sílẹ̀. Òwú àti ẹ̀jẹ̀ náà ni wọn yóò gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Kí ló dé tí wọn kò pa á? Àdán ń ràn wá lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ èso ìrókò tán, ó ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbin kóró rẹ̀ káàkiri igbó.

Bí ẹ bá rí àdán nílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ òkú. Bí ó bá bu ọmọ kan jẹ, kí ó má ṣe fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ẹgba. Kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sọ fún àgbà, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn. Bí àìsàn dìgbòlugi bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìdánrawò
1. Kí ni wọ́n rí ní Èkó ní ọdún 1956?
2. Kí ni àwọn oníwàádìí ń gbà lára àdán?
3. Oore wo ni àdán ń ṣe fún igbó?
4. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí àdán bá bu ọ̀rẹ́ rẹ jẹ?