Májèlé tí Ń Bẹ Nínú Àgbàdo àti Ẹ̀pà tí ó Bu

Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá àrùn tí ń ràn títí, wọn kò rí i. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà: nínú oúnjẹ àwọn ẹyẹ náà ni ikú ti wá, èyíinì ni ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀, tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Brazil. Imúwòdú kan tí a ń pè ní Aspergillus flavus ti hù sí i lára. Májèlé tí ó ń tú jáde ni a sọ ní aflatoxin.

Ènìyàn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2004, ènìyàn 317 ni a mọ̀ pé àgbàdo tí ó bu sọ di aláìsàn ní ilẹ̀ Kenya. 125 nínú wọn sì kú.

Inú ilẹ̀ oko ni imúwòdú yìí ń gbé. Bí ọ̀dá bá dá, tí kòkòrò sì dá ọmọ àgbàdo lu, á ráyè wọlé. Bí a bá sì di ọkà tí kò gbẹ sínú àpò, ooru àti ọ̀rinrin á mú un pọ̀ sí i. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn ará Kétu, Mile 12 àti Ìkòsí ní Kòṣọ́fẹ́, níbi tí oúnjẹ ti ń ti ọ̀nà jíjìn dé, tí òjò Èkó sì ń pàdé rẹ̀.

Ẹni tí ó bá jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ lè pọ́n bí ìyeyè, kí ikùn rẹ̀ wú, kí ó sì kú. Ẹni tí ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, pàápàá bí àrùn ẹ̀dọ̀ B bá wà lára rẹ̀. Sísè àti yíyan kò lè pa májèlé náà tán. Bí a bá fi irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ṣe ògì, májèlé lè wà nínú ògì náà. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, á dé inú wàrà.

Ó yẹ kí àgbẹ̀ sá ọkà rẹ̀ sórí ẹní tàbí ọ̀rá, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju 13 nínú 100 lọ. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí a da àgbàdo àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, kí a mì í dáadáa, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà náà kò tí ì gbẹ. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe Aflasafe, tí a ń fọ́n sí oko ní kílógíráàmù 10 fún hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó tanná.

Kí oníṣòwò gbé àpò rẹ̀ sórí pákó, kí ó má ṣe da èyí tí ó bu pọ̀ mọ́ èyí tí ó dára, kí ó má sì tà á fún ẹni tí ń sin adìẹ. Kí olùrà ṣa ọmọ tí ó dúdú, tí ó hunjọ tàbí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Owó tí a fi ra ọ̀pọ̀ tí ó bu kò tó owó tí a ó fi wo ẹ̀dọ̀ tí ó bàjẹ́.