Ìtọ́jú Ọkọ̀ Tí Ń Gbé Ìdílé àti Irè Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti fi owó irè oko ra ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ní ọjọ́ ọjà, yóò kó ata, tòmátì, gààrí tàbí kòkó. Ní ọjọ́ ìsinmi, yóò kó bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti ìyá àgbà lọ sí ilé ìjọsìn tàbí sí òde. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni Sienna tí ilé iṣẹ́ Toyota ń ṣe. Ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ ni ó ń gbà, bí a bá sì yọ ìjókòó ẹ̀yìn, àyè ẹrù inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Tókúnbọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìpínlẹ̀ Kentucky ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ìpínlẹ̀ Indiana láti ọdún 2003. Ìdí tí a fi mẹ́nu ba èyí ni pé máìlì ni òǹkà ìrìn tí ó wà níwájú awakọ̀ máa ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Máìlì 5,000 jẹ́ kìlómítà 8,000. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa rò pé àsìkò tí ó yẹ kí òun pààrọ̀ ọ́ìlì kò tí ì tó, nígbà tí ó ti kọjá tipẹ́.

Ohun tí ń pa ọkọ̀ yìí kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Ooru ni. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń jó epo, ooru púpọ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Omi inú rédíétọ̀ ni ó ń gbé ooru náà kúrò lára irin, fáànù a sì fẹ́ atẹ́gùn sí omi náà kí ó lè tutù. Bí omi bá dín kù, irin yóò gbóná rékọjá ààlà, orí ẹ́ńjìnnì tí a fi alumíníọ̀mù ṣe yóò wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì yóò sì bàjẹ́. Nígbà náà ni omi àti ọ́ìlì yóò dàpọ̀. Ẹ fi ojú inú wo awakọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ó kó agbọ̀n tòmátì, tí ó rí i pé ọwọ́ géèjì ooru ti ń gòkè, ṣùgbọ́n tí ó wí fún ara rẹ̀ pé máìlì mẹ́ta péré ni ó kù kí òun dé ọjà. Nínú máìlì mẹ́ta yẹn ni ẹ́ńjìnnì yóò ti kú. Tòmátì yóò rà sínú oòrùn, owó tí ẹgbẹ́ fi ọdún kan tù jọ yóò sì wọ ọwọ́ mẹkáníìkì.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ike omi tí ó wà nítòsí rédíétọ̀. Ìlà méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀. Àárín wọn ni ó yẹ kí omi wà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ rí i pé omi kún dé ọrùn. Kúláǹtì tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì ni ó dára jùlọ, nítorí pé kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Bí ó bá di dandan láti fi omi lásán kún un lójú ọ̀nà, omi òjò tí ó mọ́ sàn ju omi kànga tàbí omi odò lọ, nítorí pé ohun tí ó wà nínú omi ilẹ̀ máa ń dì mọ́ inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rédíétọ̀ títí wọn yóò fi dí.

Bí omi bá ń dín kù lójoojúmọ́ tí ẹ kò sì rí ibi tí ó ń gbà jáde lábẹ́ iwájú ọkọ̀, ẹ má ṣe yára ra rédíétọ̀ tuntun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ títí dé ẹ̀yìn. Nítorí pé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ amúlégbóná kejì lẹ́yìn, àwọn páìpù irin ni ó sì ń gbé omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Iyọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọ́n sójú títì nígbà yìnyín ti máa ń jẹ àwọn páìpù yìí kí ọkọ̀ tó dé èbúté wa, òkúta ojú ọ̀nà oko a sì parí iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó nílò ooru lẹ́yìn ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ lè dí àwọn páìpù náà níwájú, níbi tí wọ́n ti yà kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n kí ó fi ohun èlò gidi dí wọn, kì í ṣe igi tí a fi rọ́bà wé.

Àwọn mẹkáníìkì kan wà tí ó máa ń yọ tẹmọsítáàtì sọnù, wọn a ní ilẹ̀ wa gbóná, kò sí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. A kò fara mọ́ èyí rárá. Ohun kékeré yìí ni ó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó, tí ó sì ń dí i nígbà tí kò tí ì gbóná tó. Bí a bá yọ ọ́, ọkọ̀ yóò máa jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ́ìlì yóò tètè dọ̀tí, àìsàn tí ó ń mú ọkọ̀ gbóná gan-an yóò sì fara pamọ́. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Kí omi tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti là. Bí kò bá là, ẹ ra tuntun.

Bí ọwọ́ géèjì bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ sí ibòji. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi tí ń hó lórí ààrò lọ, nítorí pé inú ìdérí ni ó há sí. Bí ẹ bá ṣí i, yóò tú sókè sí yín lójú. Ẹ dúró ó kéré tán fún ìdajì wákàtí, títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé e láìjó yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn dì í mú, kí ẹ sì yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ó ṣì gbóná, nítorí pé irin a máa wọ́ tàbí kí ó sán.

Ọ́ìlì ni ó tẹ̀ lé omi. Igi ìwọ̀n wà fún un. Ẹ fà á yọ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi àkísà tí ó mọ́ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Àárín àmì méjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ó bá dúdú, àsìkò pípààrọ̀ rẹ̀ lè ti súnmọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́ rárá, ẹ ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 tí ó wà nínú Sienna ti ọdún 1998 sí 2003 ni ó nílò ìṣọ́ra jùlọ. A ti mọ̀ ọ́n mọ ọ́ìlì tí ń dì bí ọ̀dà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2002, ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ gbà láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe fún àwọn onírà ní Amẹ́ríkà. Nínú eruku ọ̀nà oko, a gbà yín ní ìyànjú pé kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti àṣẹ́ rẹ̀ ní máìlì 3,000. Bí ẹ bá ti da ọ́ìlì tán, ẹ fọ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí àwọn tí ń rọ ayédèrú má baà rí i lò.

Títí dé ọkọ̀ ti ọdún 2006, bẹ́líìtì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní tàímìn bẹ́líìtì. Láti ọdún 2007, ṣéènì ni. Máìlì 90,000 ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì náà. Bí ó bá já lórí ìrìn, ẹ́ńjìnnì yóò kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ba inú ara rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tókúnbọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé òǹkà, nítorí pé àwọn kan máa ń yí i padà sẹ́yìn. Kí ó pààrọ̀ bẹ́líìtì náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri, nítorí pé bẹ́líìtì yìí kan náà ni ó ń yí i.

Ní ti ẹrù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀. Ó sọ ìwọ̀n tí ènìyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ká ní kìlógíráàmù 500 ni. Àpò kòkó kan wọn 62.5, nítorí pé àpò 16 ni ó di tọ́ọ̀nù kan. Àpò mẹ́jọ nìkan ti jẹ́ 500, a kò sì tí ì ka awakọ̀. Síbẹ̀, a ń rí ọkọ̀ tí ó gbé àpò mẹ́wàá pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta tí ó jókòó lé wọn lórí. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹrù ẹ̀yìn yóò rọ́ lu àwọn tí ó wà níwájú, ọmọdé ni yóò sì kọ́kọ́ gbà á. Ọjọ́ ẹrù, kí ó jẹ́ ọjọ́ ẹrù. Ọjọ́ ènìyàn, kí ó jẹ́ ọjọ́ ènìyàn. Oògùn apakòkòrò àti epo bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì kò gbọ́dọ̀ bá ènìyàn tàbí oúnjẹ rìn pọ̀ rárá.

Lára ìwé ilẹ̀kùn yẹn náà ni ẹ ó ti rí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà. Nígbà tí táyà bá tutù ni kí fọkanáísà wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti gbó lè dán bí tuntun, kí ó sì bẹ́ lórí eré.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iyanrìn àti èkùrọ́ ni ó máa ń há sínú ojú irin rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Bí kò bá ṣeé ṣí láti inú, ẹ kọ́kọ́ wo títì ààbò ọmọdé kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bíréèkì tí ó bá ń ké bí irin tí ń ha irin, ẹ má ṣe fi í gbé ìdílé yín lọ sí ibikíbi títí a ó fi pààrọ̀ páàdì rẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ tí ó ni ọkọ̀ ní àpapọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Kí awakọ̀ kọ ọjọ́, òǹkà máìlì, omi tí ó fi kún un, ọ́ìlì tí ó fi kún un, àti irú ẹrù tí ó gbé. Kí akápò máa yọ owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ nínú owó ìrìn kọ̀ọ̀kan kí a tó pín èrè, kí ó sì máa yẹ ìwé náà wò ní ìpàdé oṣooṣù. Bí ó bá rí i pé omi tí à ń fi kún un lóṣù yìí ju ti oṣù tí ó kọjá lọ, kí ọkọ̀ náà má ṣe jáde lọ́jọ́ kejì títí a ó fi mọ ibi tí omi ń gbà lọ.