Eyín tí kò ní hù mọ́

Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ìlú Kétu ni ó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà. Kọ́lá, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 6. Ṣadé ni àbíkẹ́yìn, oṣù 10 ni ó wà. Ìyá àgbà, tó bí bàbá wọn, ń bá wọn gbé.

Ní òru ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú, ó sì gbóná.

« Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi? » ni ìyá rẹ̀ bi í.

« Eyín mi ni, Ìyá. Eyín ẹ̀yìn yìí ń dùn mí. »

Ìyá tan iná. Ó ní kí Àdùkẹ́ la ẹnu. Ó rí ihò dúdú kan lórí eyín ńlá kan, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún.

Ìyá àgbà náà dìde. Ó wo ihò náà títí. « Kòkòrò ti wọ̀ ọ́ », ni ó wí. Ó po iyọ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó ní kí Àdùkẹ́ fi yọ ẹnu. Omi iyọ̀ mú kí ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀. Kò mú un lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá wo eyín náà. Kò dààmú púpọ̀.

« Ẹ má mikàn », ni ó wí. « Eyín ọmọdé ni. Yóò yọ, òmíràn yóò sì hù. Ṣebí ti iwájú ti yọ, ó sì ti hù? »

Òótọ́ ni pé eyín iwájú Àdùkẹ́ ti yọ. Ó ti jù wọ́n sórí òrùlé, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, eyín tuntun sì ti hù. Nítorí náà gbogbo ilé gba ọ̀rọ̀ Bàbá gbọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ni ìbá sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrora náà kò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Àdùkẹ́ kò lè jẹun, kò sì lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá lọ gba owó àjọ rẹ̀, owó tí ó fẹ́ fi ra irúgbìn. Ó mú Àdùkẹ́, wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n gba Pobẹ̀ àti Sákété kọjá, wọ́n sì dé Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí dókítà eyín.

Obìnrin ni dókítà náà. Àdùkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Dókítà fi dígí kékeré wo inú ẹnu rẹ̀. Ó kan eyín náà díẹ̀, Àdùkẹ́ sì ké.

« Bàbá Àdùkẹ́ », ni dókítà wí, « eyín yìí kì í ṣe eyín ọmọdé. Eyín àgbà ni. »

« Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, ẹ tún un sọ. Kò sí eyín tó tíì yọ níbẹ̀ rí. »

« Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí eyín kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. »

Bàbá fetí sílẹ̀. Dókítà fi ìka kà á fún un.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20: 10 lókè, 10 nísàlẹ̀. Àkọ́kọ́ máa ń hù nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù 6. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, eyín iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Á yọ, eyín àgbà á sì hù dípò rẹ̀. Gbogbo ilé ló máa ń rí èyí. Wọ́n á tilẹ̀ máa fi aláìléyín náà ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, eyín ńlá mẹ́rin ń hù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ìparí ẹnu, lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé. Méjì ń hù lókè, méjì nísàlẹ̀. Kò sí eyín tó yọ kí wọ́n tó hù. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ohun tí ọmọ yóò jù sórí òrùlé. Ìdí nìyí tí àwọn òbí kì í fi í mọ̀ pé wọ́n ti dé. Eyín àgbà ni wọ́n. Wọ́n wà lára eyín 32 tí àgbàlagbà máa ń ní bí gbogbo rẹ̀ bá hù tán. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, òmíràn kò ní hù mọ́.

Orí àwọn eyín wọ̀nyí kò tẹ́jú. Ó ní kòtò tóóró tóóró. Oúnjẹ máa ń há síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ihò ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

« Ìyá mi ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́ », ni Bàbá wí.

Dókítà kò fi Ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń jẹ ẹ̀wà. Ojú lásán kò lè rí wọn. Inú ẹnu gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń gbé. Bí a bá jẹ ohun tó ní ṣúgà, àwọn náà á jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n á wá tú omi kíkan sára eyín. Omi kíkan yìí ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀, títí ihò á fi lu.

Itọ́ ẹnu wa máa ń bá a jà. Ó ń fọ omi kíkan náà kúrò, ó sì ń tún eyín ṣe. Ṣùgbọ́n ó nílò àyè. Ọmọ tó jẹ ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ, fún itọ́ láyè láti ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń lá a láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò fún un láyè rárá.

Àdùkẹ́ wo ilẹ̀. Ó mọ ohun tí ó máa ń ṣe. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi fránkì 25 ra bọ́ńbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Kì í tètè lá a tán. Ó máa ń tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún náà ni ihò wà. (Ìyá tó ń ta bọ́ńbọ́n kò ṣẹ̀. Ó ń ta ẹ̀pà àti ọsàn pẹ̀lú, Àdùkẹ́ ni kì í rà wọ́n.)

« Ṣé ẹ kò lè dí ihò náà ni? » ni Bàbá béèrè.

« À bá dí i ká ní ó ṣì kéré. Ó ti dé gbòǹgbò báyìí, ó sì ti gbọgbẹ́ nínú. Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́. »

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

Dókítà gún Àdùkẹ́ ní abẹ́rẹ́ tó mú kí ẹnu rẹ̀ kú. Ó yọ eyín náà, ó sì fi òwú mímọ́ sí ojú ibẹ̀. Ó rí àmì ihò kékeré kan lórí eyín ńlá apá òsì. Ó fọ ìyẹn, ó sì dí i lọ́jọ́ náà. Eyín yẹn kò ní láti yọ.

Nígbà tí Àdùkẹ́ lè sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sí eyín tí wọ́n yọ.

« Ṣé kí n jù ú sórí òrùlé? »

« O lè jù ú », ni dókítà wí. « Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò hù dípò rẹ̀. »

Àdùkẹ́ fi bébà wé eyín náà. Kò jù ú. Inú àpò ìwé rẹ̀ ló wà títí di òní.

Nígbà tí wọ́n dé Kétu, Ìyá àgbà ti ń dúró. « Ṣé dókítà ní kí a má fi orín fọ ẹnu mọ́ ni? » ni ó béèrè.

« Rárá o, Ìyá », ni Bàbá dáhùn. « Ó ní orín dára. Bí a ṣe ń lò ó ni ọ̀rọ̀ wà. »

Kí a rún orí orín títí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì. Kí a fi fọ eyín láti ìdí rẹ̀ lọ sí orí. Kí a má fi agbára ha á. Kí a dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí àwọn eyín ńlá wà, kí a sì fọ inú àti òde. Ẹni tó bá ń lo búrọ́ọ̀ṣì, kí ó wo ọṣẹ ìfọyín rẹ̀ kí ó tó rà á. Àwọn ọmọ tó ti ń ka Faransé lè rí ọ̀rọ̀ yìí lára rẹ̀: « fluor ». Fluor ń mú eyín le. Ọṣẹ tó tó èso ẹ̀wà kan ti tó fún ọmọ bíi Kọ́lá. Kí ó tu ú dànù, kí ó má gbé e mì. Orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí a fọ eyín. Ti alẹ́ ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí itọ́ kì í pọ̀ lẹ́nu nígbà tí a bá ń sùn. Ní ilé Àdùkẹ́, òwúrọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fọ ẹnu tẹ́lẹ̀.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Èrìgì ni ẹran pupa tó di eyín mú. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, ó rò pé orín ló dá ọgbẹ́ sí i, kò sì fọ apá ibẹ̀ mọ́. Eyín méjì ti ń mì níbẹ̀.

Ohun tí Ìyá àgbà ṣe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Ìdọ̀tí tó bá pẹ́ ní ìdí eyín ló sábà máa ń mú kí èrìgì wú, kí ó sì ṣẹ̀jẹ̀. Bí a kò bá fọ ibẹ̀ mọ́, ìdọ̀tí á pọ̀ sí i. Èrìgì á sún kúrò lára eyín, eyín á sì máa mì. Ṣe ni kí a rọra máa fọ ibẹ̀, kí a sì lọ rí dókítà bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dá. Áṣáà tí Ìyá àgbà ń fi sẹ́nu náà ń ba èrìgì jẹ́. Nígbà tí Bàbá sọ èyí, Ìyá àgbà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Èrìgì ìyá Àdùkẹ́ náà ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tó lóyún Ṣadé. Èyí wọ́pọ̀ lára aláboyún. Kò yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ dẹ́kun fífọ ẹnu.

Ṣadé ti ní eyín mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, Ìyá ń fi aṣọ mímọ́ tútù nù ún ní alẹ́, kò sì fi ṣúgà sí ògì rẹ̀ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé fọ ẹnu. Àdùkẹ́ ní kí Kọ́lá la ẹnu dáadáa. Ó gbé iná súnmọ́ ọn, ó wo ẹ̀yìn pátápátá. Lẹ́yìn eyín tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀, ó rí ohun funfun kékeré kan tó yọrí láàrin èrìgì.

« Bàbá! » ni ó pè. « Ẹ wá wò ó. Ti Kọ́lá ti dé. »

Bàbá fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Dáhùn àwọn ìbéèrè yìí

1. Kí ni Bàbá rò nípa eyín tó ń dun Àdùkẹ́?
2. Eyín ọmọdé mélòó ni ọmọ máa ń ní? Ti àgbàlagbà ńkọ́?
3. Kí ló dé tí ihò fi wà ní apá ọ̀tún ẹnu Àdùkẹ́?
4. Kí ni Ìyá àgbà ṣe nígbà tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀? Kí ni ó yẹ kí ó ṣe?
5. Bá ọ̀rẹ́ rẹ wo ẹnu rẹ̀. Ṣé eyín ńlá mẹ́rin náà ti hù? Ya ẹnu rẹ̀ sínú ìwé rẹ.