Ẹ̀kọ́ Ìlawọ́ Lọ́wọ́ Ẹni tí A Kò Mọ̀ Rí

Ẹ kà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 28, ẹsẹ 1 títí dé 10; Lúùkù 10, ẹsẹ 25 títí dé 37.

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ gbogbo ní Ẹ̀jìgbò àti agbègbè rẹ̀, àjò kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Láti ìgbà àwọn baba wa ni àwọn ará Ẹ̀jìgbò ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fìdí kalẹ̀ ní Treichville, ní ìlú Abidjan. Ọ̀nà náà gba Kútọnu, Lómè àti ilẹ̀ Gánà kọjá, èdè Faransé tí a sì ń gbọ́ ní ọjà wa jẹ́ ẹ̀rí sí i. Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé, yàtọ̀ sí èrè òwò, kí ni Kristẹni ń rí kọ́ lójú ọ̀nà? Ìdáhùn wa ni pé, ojú ọ̀nà ni Ọlọ́run ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlawọ́, ẹni tí a kò mọ̀ rí ni Ó sì ń fi ṣe olùkọ́.

I. ÀWỌN ARÁ MẸ́LÍTÀ. Ọkọ̀ tí ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù fọ́, àwọn ènìyàn 276 tí ó wà nínú rẹ̀ sì gúnlẹ̀ ní ọwọ́ òfo sí erékùṣù Mẹ́lítà, tí a ń pè ní Malta lónìí. Òjò ń rọ̀, òtútù sì mú. Àwọn ará ibẹ̀ kò tíì gbọ́ Ìhìnrere, síbẹ̀ wọ́n dáná fún gbogbo wọn. Púbílíù, olórí erékùṣù náà, gbà wọ́n sí ilé fún ọjọ́ 3. Nígbà tí wọ́n sì ń lọ lẹ́yìn oṣù 3, àwọn ènìyàn náà di ohun tí wọ́n ṣe aláìní rù wọ́n.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Èkíní, Pọ́ọ̀lù, tí í ṣe olùkọ́ àwọn Ìjọ nípa ọrẹ ṣíṣe, kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò lè gba oore. Ó jókòó ti iná àwọn ẹlòmíràn, òun pàápàá sì ṣa igi sí i. Èkejì, Lúùkù kò fi oore náà pamọ́ nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kì í ṣe ọmọ Ìjọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwa sì ń kà á títí di òní.

II. OBÌNRIN SÉGÙ. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ àwa ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1795 ni Mungo Park, oníṣègùn kan láti Skọ́tlándì, tí baba rẹ̀ ti fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ àlùfáà, wá sí Gáḿbíà láti wá ipa ọ̀nà Odò Ọya. A jà á ní olè, a sì mú un ní ìgbèkùn fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ó dé Ségù létí Odò Ọya, ní ilẹ̀ tí í ṣe Málì nísinsìnyí, ní oṣù Keje ọdún 1796, ọba ibẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ó má ṣe kọjá odò, kí ó lọ wọ̀ sí abúlé kan. Ní abúlé náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ gbà á sílé. Ó jókòó lábẹ́ igi láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ láìjẹun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òjò sì ṣú.

Obìnrin kan ń ti oko bọ̀. Ó rí i pé ó ti rẹ àlejò náà, ó dúró, ó sì bi í ní ohun tí ó dé. Nígbà tí ó gbọ́, ó gbé gàárì àti ìjánu ẹṣin rẹ̀, ó ní kí ó máa tọ òun lẹ́yìn. Ó tan fìtílà, ó tẹ́ ẹní, ó sì yan ẹja fún un jẹ. Àwọn obìnrin ilé náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ran òwú wọn, wọ́n sì ń fi ìyà tí ó jẹ àlejò náà ṣe orin. Ní òwúrọ̀, bọ́tìnì idẹ 4 péré ni ó kù lára ẹ̀wù Park. Ó fún obìnrin náà ní 2. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1799, gẹ́gẹ́ bí a kò ti mọ orúkọ ará Samáríà nì.

III. BÍ A TI Í ṢE É. Kì í ṣe ọrọ̀ ni obìnrin yìí ní. Àárẹ̀ oko wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi ojú ṣàánú, lẹ́yìn náà ó fi ẹnu bèèrè, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbé ẹrù. Ìgbẹ̀yìn ni oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa na owó sí àlejò láì bèèrè ohun tí ń ṣe é. Àwọn mìíràn yóò sì wí pé, "Àlejò mìíràn a máa ṣe ibi." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dá nìkan gba àlejò. Àwọn ará ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ ní òru náà. Ìṣọ́ra dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì.

IV. GBÈSÈ ÀWỌN ARÁ WA. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti san oore ẹni tí ó gbà wá sùn ní Lómè, tí a kò ní rí mọ́? Lára àlejò mìíràn ni a ó san án. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀pọ̀ Yorùbá sì padà wálé ní ọwọ́ òfo. Ní oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ṣe irú èyí sí àwọn ará Gánà. Ìyà tí ó dùn wá kò tó láti kọ́ wa. Oore tí a rí gbà ni kí ó kọ́ wa.

Àwọn àlejò sì wà lọ́dọ̀ wa: alágbàṣe tí ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àgùnbánirọ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ń wá yàrá ní Ẹ̀jìgbò. Owó ilé tí a bù lé àlejò nítorí pé kò mọ ẹnikẹ́ni, ati owó iṣẹ́ tí a fà sẹ́yìn nítorí pé kò gbọ́ èdè wa, ìwọ̀nyí ni yóò fi hàn bí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́. 1. Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe nígbà tí a dáná fún un? 2. Èwo ni obìnrin Ségù kọ́kọ́ ṣe: ó fúnni ní oúnjẹ ni, tàbí ó bèèrè? 3. Kí olúkúlùkù dárúkọ oore kan tí a ṣe fún un lójú ọ̀nà, àti àlejò tí òun yóò san án fún nínú oṣù yìí.

Kí Olúwa, ẹni tí kò ní ibi tí yóò fi orí rẹ̀ lé nígbà tí Ó wà láyé, la ọwọ́ wa. Àmín.